Ìbọn Kan, Ihò Mẹ́fà

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń wú bíi táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́, ẹ má bá a jà. Ẹ wá ibòji kan jókòó sí, ẹ bu ẹ̀pà sọ́wọ́, kí ẹ máa wò ó. N kò tíì rí táyà tó wú títí tí kò bẹ́. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, Ṣábẹ̀ẹ́ ló ti bẹ́, lójú gbogbo wa, lábẹ́ àwọn òkè olókùúta wa, láyé ìgbà tí àwọn ológun sọ gbogbo wa di kámárádì, tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ń sọ̀rọ̀, tó ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, tó sì tún ń kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Célestin Adégbọlá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ lásán ti dá ọ̀ràn. Kámárádì Ààrẹ Kọmitẹ́ Àgbà fún Eré Ìdárayá, Ìgboyà àti Ìmúrasílẹ̀ Aráàlú ni kí ẹ pè é. Bí obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ orúkọ yìí nígbà tó ń lọ sódò, yóò ti pọnmi dé kó tó kan "Aráàlú". Pọ́bẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wá sọ́dọ̀ wa, òun àti Madeleine ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú àga onítìmùtìmù àti fọ́tò ara rẹ̀ kan tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Kọmitẹ́ Àgbà náà kò ju yàrá kan lọ nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí. Fọ́tò náà gba ògiri kan, ọ̀gá gba èyí tó kù, àwa tó bá wá rí i, a ó dúró síta nínú oòrùn.

Ó ní Refolúsíọ̀n ti sọ gbogbo wa di ọgbọọgba. Nítorí náà, àgbàlagbà tó bí bàbá rẹ̀, "ìwọ" ló ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá pe òun náà ní "ìwọ", á ní ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó amúnisìn ṣì wà lára onítọ̀hún. Kó tó la ẹnu, á ju ìkúùkù òsì sókè, á ké pé, "Ehuzu!" Èdè Fọ̀n ni, ó ní ayé ti yí padà. Àwa náà á dáhùn pé, "Dandan!" Bí ìdáhùn kò bá dùn mọ́ ọn, á tún un gbà látòkè. Mo rí ọjọ́ kan tí ọbẹ̀ jóná ní gbogbo ilé tó yí pápá ká nítorí "Dandan" kan tí kò dún dáadáa.

Ní ọjọ́ kan rádíò sọ̀rọ̀ láti Kútọnu. Ó ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa fi ìbọn afẹ́fẹ́ yìn sí àmì, kí àwọn ènìyàn lè kọ́ bí a ti ń dúró, bí a ti ń mí, bí a ti ń wojú ohun tí à ń ṣe. Ní àjọ̀dún oṣù kọkànlá, àwọn aṣojú yóò wá wò ó. Olórí ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa jù, wọn yóò mú un lọ sí Kútọnu láti máa darí gbogbo rẹ̀. Owó ńkọ́? Rádíò ní, "Ẹ kọ́kọ́ gbára lé agbára ara yín." Ní èdè àwa tálákà, ìyẹn ni pé kò sí owó.

Adégbọlá kò gbọ́ ti owó. Kútọnu ló gbọ́. Lójú rẹ̀ níbẹ̀, ó ti ń rí ilé etí òkun, ó ti ń rí awakọ̀ tó ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún un, ó sì ti ń rí ògiri tó tóbi tó fọ́tò náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́ kó tó di pé a rìn jìnnà: eré yìí kì í ṣe eré olówó. Ìbọn afẹ́fẹ́ kì í jẹ ẹ̀tù, kì í rú èéfín. Wọ́n á ṣẹ́ ẹ lọ́rùn bí ẹni ń ṣẹ́ ìrèké, wọ́n á ki ọta òjé kan tí kò tó hóró ẹ̀wà sí i nídìí, wọ́n á dá ọrùn rẹ̀ padà, wọ́n á yìn ín. Ó parí. Àpò kan tí a fi òwú kún ni kí ẹ gbé sẹ́yìn àmì kí ọta má bàa ta padà bá yín. Ìwé àpò sìmẹ́ńtì tí a fi èédú ya òbìrí sí, òun ni àmì. Ẹ wá ibi tí èèyàn kì í gbà kọjá. Lẹ́yìn náà, sùúrù. Tálákà tó bá ní sùúrù lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ta ló rí ọ̀gá tó ní sùúrù rí?

Ìbọn afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà náà. Ti Adjara ni. Opó ni Adjara, ó ní oko ọkà bàbà lọ́nà Bẹsẹ, ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ra ìbọn náà ní Ṣakí, lódì kejì odò Ọ̀kpárá. Ẹyẹ ẹ̀ga ni Adjara ń fi í lé. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì rí ẹ̀ga lórí ọkà, ẹ má pè é ní ẹyẹ, ọjà ni. Wọ́n á dé, wọ́n á pariwo, wọ́n á ná, wọ́n á jà, nígbà tí wọ́n bá sì máa gbéra, igi ọkà nìkan ló máa kù níbẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Ọkà yẹn ni Adjara àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ láti ọdún dé ọdún. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí ọkà ń pọ́n, kò sí ohun tó dúró láàárín ìdílé náà àti ebi bí kò ṣe ìbọn yẹn.

Ọ̀gá lọ bá a nílé, òun àti Moustapha. Moustapha yìí, abánibàtàṣe ni. Ìyìn tó máa ń yin bàtà ọ̀gá nígbà tó bá ń tún un ṣe ló sọ ọ́ di akọ̀wé Kọmitẹ́. Òòlu ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó fi ń lu ihò sí bàtà kò sì kúrò ní àpò rẹ̀. Ẹ fi òòlu yẹn sọ́kàn.

"Kámárádì Adjara," Adégbọlá bẹ̀rẹ̀, "ìwọ lo ní ìbọn?"

"Ẹ káàbọ̀, ọmọ mi. Èmi ni. Ẹyẹ ni mo fi ń lé."

"Má pè mí lọ́mọ. Mo wá sọ fún ọ pé láti òní lọ, àwọn aráàlú ló ni ín."

"Ó dáa. Ta nínú àwọn aráàlú ni yóò bá mi lé ẹ̀ga?"

"Ẹ̀ga! Orílẹ̀-èdè ń dìde, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ! Ẹyẹ tó bá jẹ ọkà aráàlú, ọ̀tá aráàlú ni. Ìtàn yóò dá a lẹ́jọ́!"

"Ìtàn náà," Adjara bi í, "ṣé kí n tó kórè ni yóò dé, àbí lẹ́yìn ìkórè?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Moustapha. Ó yí i sí ikọ́. Ọ̀gá wò ó, ikọ́ náà sì yí padà sí ìyìn: "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀! Ìtàn gan-an ló máa lé wọn!"

"Tí àjọ̀dún bá parí, wàá gbà á padà," ni Adégbọlá wí. "Ó ṣeé ṣe."

"Ọkà mi kò mọ àjọ̀dún o." Adjara wọlé, ó gbé ìbọn jáde. Kí wọ́n má bàa sọ pé ó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ lọ́rùn lójú wọn, ó dá a padà, ó yìn ín sílẹ̀: pà! "Ẹ rí i pé ó dára. Ṣé kò sí ohun mìíràn tí ẹ máa bá a gbà? Ẹ kò ní bi mí bí wọ́n ṣe ń lò ó?"

"Bí ìwọ! Èmi tí mo ti ń yìnbọn ní ilé-ìwé lísẹ̀ Àjàṣẹ́ nígbà tí ẹ̀yin níbí ṣì ń sọ òkò?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Adjara wí. Ó jókòó, ó sì tún etí ìró rẹ̀ dì. Agolo ìpara kékeré kan ló dì síbẹ̀, ọta òjé ló kún inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ẹni tí kò béèrè kì í gba èsì.

Ní òótọ́, bí ọ̀gá bá ti yìnbọn rí ní Àjàṣẹ́, ojú àlá ni. Ohun tó mọ̀ nípa ìbọn kò ju ohun tó rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun nígbà ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́. Ó rí i pé wọn kì í ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé e kọ́ èjìká, ó sì gbàgbọ́ pé ọta ti wà nínú ìbọn láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, bí irúgbìn ti wà nínú ọsàn.

Ìpalẹ̀mọ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀gá tó wá àmì, ó kan pèpéle tí òun yóò ti máa sọ̀rọ̀. Kó tó wá àpò òwú, ó dá ẹ̀wù ayìnbọn kan tó ní àpò níwájú, lẹ́yìn, àti lápá. Mẹ́dáyì, ìdérí agolo sàdíìnì ni wọ́n gé ṣe. Òórùn ẹja kò kúrò lára rẹ̀, gbogbo ológbò ìbùdókọ̀ sì ń tẹ̀lé àwọn akíkanjú kiri. Ìbọn ńkọ́? Ẹyọ kan ni, ọ̀gá ló sì wà fún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ńkọ́?

"Ọmọ odó!" ni Ààrẹ pàṣẹ. "Ó gùn, ó wúwo, ọwọ́ aráàlú ló gbẹ́ ẹ. Kí a gba gbogbo ọmọ odó Ṣábẹ̀ẹ́ fún ìlò ẹgbẹ́!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ lè gba ọkọ rẹ̀, ẹ lè gba orúkọ rẹ̀ kí ẹ fi "kámárádì" rọ́pò rẹ̀. Ẹ má gba ọmọ odó rẹ̀. Ìgbà iṣu tuntun ni! Iṣu jókòó sórí iná, ó jinná, ó ń retí, ẹni tí yóò gún un wà ní pápá pẹ̀lú ọmọ odó léjìká, ó ń dojú rẹ̀ kọ ìwé àpò sìmẹ́ńtì, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ké pé, "Pà! Pà!" Tísà Oyèwọlé ló ń ṣe adájọ́. Ẹni tó bá ké "pà" dáadáa, ó gba àmì. Ẹni tó bá ké e kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ìjàkadì aráàlú. Bàbá àgbà kan wú ikọ́ nídìí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ìdánwò, wọ́n sì fún bàbá náà ní ipò kejì.

Ọjọ́ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ yìnbọn, pápá kún. Ó ṣẹ́ ìbọn lọ́rùn bó ṣe rí Adjara tó ṣe é, ó dá a padà, ó di ojú méjèèjì (ẹ má rẹ́rìn-ín, mo wà níbẹ̀), ó yìn ín. Pà!

Gbogbo ojú yí sí ìwé. Ìwé mọ́ kedere bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ dá ọwọ́ dúró lókè. Nígbà náà ni Moustapha sáré lọ sídìí àmì, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Èjìká rẹ̀ mì díẹ̀. Ó yíjú padà.

"Àárín gbùngbùn!" ló ké. "Ihò kékeré báyìí, ó dàbí ojú abẹ́rẹ́! Ọ̀gá, ẹ máa pa wá!"

Ehuzu! Dandan! Ìlú fò sókè. Kí ọjọ́ náà tó parí, Moustapha ti di igbákejì Ààrẹ.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún un pé kò sí ọta? Gbogbo ìlú ló mọ̀. Àwọn ọlọ́dẹ mọ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ̀, àwọn ẹ̀ga pàápàá mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún ọ̀gá pé ihò rẹ̀ kì í ṣe ihò, ó gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀wọ̀n tí òun fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ. Madeleine nìkan ló gbìyànjú rẹ̀. Ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú dígí, tó ń na ọwọ́ ìgbálẹ̀ sí ara rẹ̀ bí ìbọn.

"Bàbá Marcel, ṣé ẹ ti béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ni ìbọn yẹn bí wọ́n ṣe ń lò ó?"

"Ààrẹ kì í béèrè, Madeleine. Ààrẹ máa ń ṣàlàyé."

"Mo gbọ́. Ẹ wá ṣàlàyé ìgbálẹ̀ yẹn fún mi, ilẹ̀ ń dúró dè é."

Ọ̀gá kò fẹ́ kí àwọn aṣojú máa rí abánibàtàṣe tó ń sáré kọjá lójú pápá, nítorí náà ó ní kí wọ́n ta ẹní fafa gbọọrọ kan sẹ́yìn àmì, kí wọ́n gé fèrèsé kékeré sí i, kí ìwé bo fèrèsé náà, kí ẹni tó ń wo ihò sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àpò òwú ńkọ́? Wọ́n ti fi òwú inú rẹ̀ kún tìmùtìmù àga ọ̀gá. Láti ọjọ́ náà, Moustapha kàn ń fi òòlu gun ìwé láti ẹ̀yìn, á sì ké "Àárín!" láìyọjú. Kò sí ibi tó láàbò tó iwájú ìbọn Ààrẹ ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ṣùgbọ́n ipò igbákejì tí Moustapha fi òòlu kan ṣoṣo gbà kò jẹ́ kí àwọn yòókù sùn. Tísà Oyèwọlé rò ó, ó wo kọ́mpà tó fi ń ya òbìrí ní kíláàsì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Brigitte, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, fa ìkótí yọ ní orí rẹ̀, ó dán ẹnu rẹ̀ wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rò pé òun nìkan ni ọgbọ́n náà wá sí lórí. Bí ìgbéraga ọ̀gá ti rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti apọ́nnilé: kò sí èyí tó rò pé ẹnìkejì lè gbọ́n tó òun.

Àjọ̀dún pé. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Kapitéènì Abdoulaye àti àwọn aṣojú rẹ̀ dé nínú mọ́tò ológun, eruku bò wọ́n. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Kapitéènì, ó máa ń fetí sílẹ̀ ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Irú wọn ni kí ẹ máa bẹ̀rù.

Kí wọ́n tó jókòó tán, Adjara ti já wọ pápá, ó dì mọ́ Moustapha lápá.

"Moustapha, ẹ̀ga dé láàárọ̀ yìí. Àwọn ọmọ wà lóko, wọ́n ń lu páànù, ohùn wọn ti há. Bí mi ò bá gba ìbọn lónìí, kò ní sí ọkà lọ́la."

"Ìyá, ẹ ṣe sùúrù, ọ̀gá fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á gùn?"

"Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Ó gùn. Adégbọlá gun pèpéle nínú ẹ̀wù alápò púpọ̀, ó gba Ehuzu, ó gba Dandan, ó tún un gbà, ó bẹ̀rẹ̀.

"Kámárádì Kapitéènì! Nígbà tí mo dé ìlú yìí, àwọn òkè tí ẹ ń wò yẹn ń tẹrí ba! Ẹ wò wọ́n lónìí, wọ́n ti dìde dúró! Nígbà náà, kò sí ẹni tó mọ apá òsì rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀tún! Ta ló kọ́ wọn? Mi ò ní sọ. Ìrẹ̀lẹ̀ kò jẹ́ kí n sọ. Ṣùgbọ́n ta ló gba ìbọn lọ́wọ́ ẹyẹ, tó fi í lé ọwọ́ ìtàn? Ta ló ń yìn ín tí kì í tàsé? Ìrẹ̀lẹ̀ tún di ẹnu mi mú! Ìbọn mi kì í ṣe ìbọn, kámárádì: ìka àwọn aráàlú ni, tí mo fi ń tọ́ka sí ọ̀la!"

"Ọ̀la yẹn ni ẹ̀ga ń jẹ báyìí," ni Adjara kùn láàárín èrò. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ bojú.

Nígbà tó ṣe, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ìbọn. Ó ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dá a padà. Ó dojú kọ àmì, ó di ojú méjèèjì.

Pà!

Ẹní fafa náà mì láti òkè délẹ̀ bí ìgbà tí ewúrẹ́ mẹ́fà ń fara họ ọ́. A gbọ́ "Yéè, ìka mi!" láti ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn púpọ̀ ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Àárín!"

Kapitéènì dìde. Ó lọ já ìwé náà, ó gbé e sókè sójú oòrùn. Ìtànṣán wọlé láti ihò kan, láti òmíràn, láti òmíràn. Ó kà á sókè. Ihò mẹ́fà ni, gbogbo wọn wà láàárín gbùngbùn, òmíràn tóbi bí ìdí ìkòkò.

"Kámárádì Ààrẹ," ni Kapitéènì wí jẹ́jẹ́, "ìgbà mélòó lẹ yìn ín?"

Kí n má purọ́ mọ́ òkú ọ̀rọ̀, ó ya Adégbọlá náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìyanu rẹ̀ kò pẹ́. Ọkàn rẹ̀ wò ó yíká, ó sì rí i pé ó tọ́ sí òun.

"Ẹ̀ẹ̀kan," ló dáhùn. "Ní àwọn orílẹ̀-èdè amúnisìn, Kámárádì Kapitéènì, ọta kan ní ihò kan. Níbí, ọta kan ń ṣiṣẹ́ èèyàn mẹ́fà. Ohun tí à ń pè ní ìmújáde nìyẹn!"

Àwọn apọ́nnilé pàtẹ́wọ́. Kapitéènì fi ìka pa etí àwọn ihò náà. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kàn án. Ètè wọn kọjú sí wa. Ohunkóhun tó bá gun ìwé yìí, láti ẹ̀yìn ló ti wá."

"Láti ẹ̀yìn?" Ojú Adégbọlá yí padà. Ẹ rántí ìgbà náà: àwọn mẹsinẹ́ẹ̀rì, àwọn ajagun-fówó tó balẹ̀ sí Kútọnu lọ́jọ́ kan ní òwúrọ̀, kò sí rádíò tí kì í mẹ́nu kàn wọ́n. "Láti ẹ̀yìn! Wọ́n ń yìnbọn sí mi! Mẹsinẹ́ẹ̀rì! Mẹsinẹ́ẹ̀rì wà lẹ́yìn ẹní! Ẹ̀yin aráàlú, ẹ gbà mí o!"

Ó wọ abẹ́ pèpéle. Bó ṣe gbé ikùn yẹn kọjá níbẹ̀, àwọn káfíńtà ṣì ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Èrò dojú bolẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí wọ́n ti ń fi ẹnu yìnbọn láti oṣù mélòó kan, rí ogun lónìí: wọ́n gbé ọmọ odó, wọ́n ya lu ẹní, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un bí iyán. Ọwọ́ wọn kò tíì gbàgbé! Àwọn obìnrin tó rí ọmọ odó lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, inú wọn dùn débi pé wọ́n gbàgbé láti sá.

"Ẹ dákun, èmi ni! Èmi Moustapha ni!"

Ẹní wó. Mẹsinẹ́ẹ̀rì yọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Moustapha pẹ̀lú òòlu rẹ̀, tísà Oyèwọlé pẹ̀lú kọ́mpà, Brigitte pẹ̀lú ìkótí, ìrun rẹ̀ sì tú, alásè Kọmitẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀kì, aránṣọ tó rán ẹ̀wù ọ̀gá pẹ̀lú abẹ́rẹ́, bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló kẹ́yìn, ẹ̀gún igi ọsàn ló mú dání nítorí òun kò lọ sí ilé-ìwé.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?" Kapitéènì bi wọ́n.

"À ń ran ọ̀gá lọ́wọ́," ni Moustapha wí.

"Èmi ni mo ràn án lọ́wọ́," ni Brigitte yára sọ. "Tèmi ló bọ́ sí àárín jù."

"Tìẹ! Ìka mi lo gún!" ni tísà ké. "Ìkótí rẹ kò dé ìwé rárá!"

Kapitéènì fi wọ́n sílẹ̀ tí wọ́n ń jà, ó lọ sí pèpéle, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kámárádì Ààrẹ, ẹ jáde."

"Ṣé wọ́n ti lọ?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn mẹsinẹ́ẹ̀rì."

"Wọ́n wà níta níbí. Ọ̀kan nínú wọn ló rán ẹ̀wù yín."

Wọ́n fà á jáde. Kapitéènì gbé ìbọn, ó ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi ojú kan wo inú ihò rẹ̀. Ó rí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ní òdì kejì, mímọ́ kedere. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fọn bíi fèrè.

"Ọta dà?"

Bí mo bá pẹ́ láyé tó ògbólógbòó ọ̀pẹ, mi ò ní gbàgbé ojú tí Célestin Adégbọlá fi wò ó. Ọkùnrin tó mọ ohun gbogbo!

"Ọta wo?" ló wí.

Ìyẹn ni táyà tí mo sọ. A gbọ́ ọ nígbà tó bẹ́. Ẹnìkan kọ́kọ́ fọn imú, ẹnìkan di ikùn mú, lẹ́yìn náà gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ rọ́ lulẹ̀. Madeleine ló rẹ́rìn-ín jù, ó fi gèlè nu ojú.

Nínú ẹ̀rín náà, a gbọ́ ìró kan: ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Adjara ló ń mi agolo ìpara kan. Ó rìn dé iwájú Kapitéènì.

"Ìbọn yìí, tèmi ni. Ọta yìí, tèmi ni. Ọkà tí ẹ̀ga ń jẹ lọ́wọ́ báyìí, tèmi náà ni. Àwọn ihò yẹn nìkan ni kì í ṣe tèmi. Kí ẹni tó ni wọ́n wá kó wọn."

Ọwọ́ méjèèjì ni Kapitéènì fi gbé ìbọn fún un. "Ẹ má bínú, Ìyá. Kí ẹ tó lọ, ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí ìwé, kí a lè rí i."

"Ìwé kì í jẹ ọkà, ọmọ mi," ni Adjara wí, ó sì gba ọ̀nà Bẹsẹ lọ, bí ẹni tí iná ń jó nílé rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iyán dún ní gbogbo agbo-ilé. Ẹ kò rí i gbọ́ rí: ọmọ odó ìlú kan lápapọ̀ ń bú ọ̀gá kan ṣoṣo.

Wọ́n gba orúkọ gígùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ku Célestin. Wọ́n kò mú un lọ sí Kútọnu. Oko àpapọ̀ aráàlú ní Bẹsẹ ni wọ́n rán an lọ, kó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbára lé agbára ara rẹ̀. Oko yẹn sì fẹ̀gbẹ́ kan oko Adjara, àbí ẹ rò pé Ọlọ́run kì í ṣàwàdà? Madeleine fi fọ́tò ńlá náà ta Adjara lọ́rẹ, kó fi ṣe ohun tí yóò máa dẹ́rù ba ẹyẹ lóko. Kò ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀ga bà lé e lórí, wọ́n sì ṣe ohun tí ẹyẹ ń ṣe.

Ọkà kò tíì parí lóko. Adjara ń yìnbọn lápá kan, ẹ̀ga ń fò lọ sí apá kejì, ọta inú agolo sì ń tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni Célestin, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, tí ọ̀rọ̀ sì ti há a láyà bí egungun ẹja, gun orí òkìtì ọ̀gán kan. Ó wo apá òsì, kò sí èèyàn. Ó wo apá ọ̀tún, ẹ̀ga ló kún igi ọkà lọ bíi rẹrẹ, wọ́n ń pariwo bí àpéjọ àwọn aṣojú. Kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ju ìkúùkù òsì sókè.

"Ehuzu!"

Fùùù! Ojú ọ̀run dúdú lórí oko. Ẹ̀ga gbéra tán, kò ku ọ̀kan.

Adjara sọ ìbọn kalẹ̀. Ó rìn wá sídìí òkìtì.

"Ọmọ mi, tún un sọ."

"Kí n tún kí ni sọ, Ìyá?"

Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é ní Ìyá.

"Ohun tó o máa ń sọ. Àwọn òkè tó ń tẹrí ba. Ìrẹ̀lẹ̀ tó ń dí ọ lẹ́nu. Sọ gbogbo rẹ̀."

Ojú Célestin tàn. Ó na ọrùn, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀ga gbọ́ gbólóhùn méjì, wọ́n fò lọ sí Ofẹ̀, abúlé tó múlé tì wá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn ará Ofẹ̀ rán èèyàn wá bi wá ohun tí àwọn fi ṣẹ̀ wá.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Adjara gbé àwo iyán àti omi wá fún un. Ohùn Célestin ti ń há.

"Ìyá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi kò tíì parí."

"Jẹun ná, ọmọ mi," ni Adjara wí, ó ń wo oko. "Kó o sì máa sọ ọ́ lọ. Ọkà ṣì pọ̀."